Imú Tó Ń Yẹ Aṣọ Wò

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí aṣọ padà wálé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ mọ̀ pé oríṣi aṣọ méjì ló ń wọlé tọ̀ ọ́ wá: èyí tó dọ̀tí, àti èyí tó ní ẹjọ́. Èyí tó dọ̀tí máa ń wá ní rírún, nínú àpò, ẹ̀rín á sì wà lẹ́nu ẹni tó gbé e wá. Èyí tó ní ẹjọ́ máa ń wá ní kíká, gẹ́lẹ́ bó ṣe kúrò nílé, kò sì sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ní kíká ni ti òní wá. Ìyá Ọlọ́mọwẹ́wẹ́, obìnrin tó ń bá àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ìkókó wọn, ló gbé e wá fúnra rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ni, kéékèèké, funfun báláú. Ó gbé wọn lé orí tábìlì ìlọṣọ, ó sì fà sẹ́yìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Tónítóní, ẹ má bínú," ó wí. "Ẹ bá mi tún wọn fọ̀."

Bàbá Tónítóní ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Tónítóní, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì ni Tónítóní Kékeré, àfi bí ẹni pé ọṣẹ ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Orúkọ náà tọ́ sí wọn. Kò sí àbàwọ́n tó bá ọkùnrin náà wọ̀yá ìjà tó mú un balẹ̀.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ó béèrè. Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, sìgá wà láàárín ìka ọwọ́ òsì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn lójoojúmọ́: ọwọ́ ọ̀tún á máa lọ aṣọ, ọwọ́ òsì á máa gbé sìgá lọ sẹ́nu, eérú kò sì já sórí aṣọ oníbàárà rí. Ó máa ń fi ìyẹn ṣe fáàrí. "Àbí àbàwọ́n wà níbẹ̀ ni? Ẹ fi hàn mí."

"Kò sí àbàwọ́n."

"Ṣé ó ya ni?"

"Kò ya, sà. Ó ń rùn ni."

"Ó ń rùn bíi kí ni?"

Obìnrin náà wo sìgá, ó wo fèrèsé, ó wá wo ilẹ̀. "Àwọn ìyá ń ráhùn. Ọmọ méjì ti ń sín láti àná. Ẹ ṣáà bá mi tún un fọ̀. Mo máa padà wá gbé e lọ́la. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀..." Kò parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni aṣọ ilé ìtọ́jú rẹ̀ ń wọ ìsọ̀ yẹn, òjò ìbáà máa rọ̀, bí aṣọ yẹn bá sì lọ, ìdajì iṣẹ́ lọ nìyẹn. Kò sídìí tó fi yẹ kó parí rẹ̀.

Ó lọ tán kí Bàbá Tónítóní tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó fa ọ̀kan yọ nínú aṣọ náà, ó sì bọ́ síta.

"Ìyá Télọ̀! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbóòórùn aṣọ yìí. Ẹ wá jẹ́rìí sí i. Ṣé ó ń rùn?"

Ìyá Télọ̀ ni obìnrin àgbà tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì. Ó wo aṣọ náà láti ibi tó jókòó sí, kò dìde. "Owú já mọ́ mi lọ́wọ́, jàre," ó wí, ó sì tẹ orí ba ẹ̀rọ rẹ̀. Owú kò já. Ìyá Tónítóní rí i láti inú ilé, ó ń ti ara gíláàsì fèrèsé wò ó, pé owú náà gùn geere láti orí ẹ̀rọ dé ojú abẹ́rẹ́. Obìnrin tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ rántí lójijì pé òun ní nǹkan tí òun fẹ́ ṣe nínú ilé.

"Ẹ rí i pé kò rùn!" ni Bàbá Tónítóní pariwo. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ó wọlé padà, ó dojú kọ ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo yẹ̀ wọ́n wò?"

Nínú ilé yẹn, aṣọ kì í kúrò lórí tábìlì láìgba iwájú imú ìyàwó kọjá. Bí ọkọ bá ti lọ ọ́ tán, á nà án sí ìyàwó, ìyàwó á gbé e sí imú, á fà á, á mi orí, wọ́n á wá ká a. Bí kò bá mi orí, inú omi ni aṣọ náà ń padà sí, kódà bí oníbàárà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ a máa fi dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín pé nítorí imú ni òun ṣe fẹ́ ẹ.

"Mo yẹ̀ wọ́n wò," ó wí. Ohùn rẹ̀ ń jáde ní dídí, bíi ti ẹni tó ti orí bọ inú ìkòkò.

"O sì mi orí?"

"Mo mi orí."

"Ó parí nìyẹn. Ẹjọ́ ni obìnrin yẹn ń wá."

Kò sọ fún un pé ọdún méjì nìyí tí òun ti ń mi orí fún aṣọ tí òun kò gbóòórùn rẹ̀. Ọṣẹ, kẹrosíìnì, òógùn, òdòdó, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Ó kàn máa ń gbé aṣọ sí imú ni, á ka ení, á ka èjì, á mi orí. Ta ni ì bá sọ fún? Aránṣọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú kì í pariwo rẹ̀ sí etí ẹni tó gbé aṣọ wá.

Yàrá méjì ni wọ́n ní. Èyí iwájú ni ìsọ̀, èyí ẹ̀yìn ni ilé, aṣọ ìkélé kan ló sì pín wọn níyà. Eruku títì kò jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, nítorí bí fèrèsé bá ṣí fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, aṣọ funfun á pọ́n. Nítorí náà wọ́n tì í pa tọ̀sán-tòru, wọ́n sì na okùn aṣọ gba òkè orí láti ìsọ̀ títí dé ibi tí wọ́n ń sùn. Eruku kò rí ọ̀nà wọlé. Èéfín náà kò sì rí ọ̀nà jáde.

Abẹ́ okùn yìí ni Tónítóní Kékeré jókòó sí lórí ẹní rẹ̀, ó ti múra ilé ìwé, ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì. Ó fa ikun, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó tún fa ikun. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ti ń gbọ́ ọ láti bí oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń hanrun bí arúgbó bó bá ti sùn. Ó ní òtútù ni. Gbogbo ìyá ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé òtútù ni.

Ọjọ́ tí dókítà imú dá fún ìyá náà ni ọjọ́ yìí. Oṣù mẹ́jọ ló fi dúró de ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lóṣù tó ń bọ̀. Imú dídí àti orí fífọ́ nìkan ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ń ṣe òun. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ tó máa wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ọ́, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó tẹ ẹ́ títí ojú ìlà rẹ̀ fi mú bí abẹ. Sìgá kejì ọjọ́ náà wà létè rẹ̀ bó ṣe ń lọ ọ́.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ń lọ aṣọ fún ọ, júwe ilé wa fún wọn o."

"Wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé ta ló ń mu sìgá."

Ó lọ apá kan tán kó tó fèsì. "Sọ fún wọn pé kò sí. Àwọn dókítà yìí, tí wọ́n bá ti gbọ́ sìgá báyìí, gbogbo àìsàn á di ti sìgá. Wọn ò ní wo ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an."

Ó na aṣọ náà sí i. Bó ṣe mọ́ ọn lára, obìnrin náà gbé e sí imú, ó ka ení, ó ka èjì, ó mi orí.

*

Ní ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì gígùn kan ni àwọn aláìsàn jókòó sí tí wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ wọn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún díẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún sún. Ìyá Tónítóní rò pé ó ń fún òun láyè kí òun lè jókòó dáadáa, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò tọ́pẹ́.

Dókítà náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, obìnrin tí iṣẹ́ ti mú ojú rẹ̀ wọnú.

"Màmá, ẹ kú ìdúró o. Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

"Èmi? Láéláé."

"Ẹnikẹ́ni ń mu ún nínú ilé?"

"Kò sí."

Dókítà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó fi bírò lélẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú sí mi o, Mà. Bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí ni òórùn sìgá ti bá yín wọlé. Ó wà lára aṣọ yín, ó wà lára gèlè yín. Ṣé ẹ̀yin ò gbóòórùn ẹ̀ rárá ni?"

Ìyá Tónítóní wo ara rẹ̀. Aṣọ náà mọ́. Kò sí ìlà kan tó wọ́ lára rẹ̀. Ó gbé etí aṣọ náà sí imú bó ṣe máa ń gbé ti oníbàárà, ó fà á, kò sí nǹkan kan. Ìgbà náà ló yé e ìdí tí ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì fi ń sún. Òbúkọ kì í mọ̀ pé òun ń rùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá òbúkọ wí, ṣùgbọ́n òbúkọ kì í ṣe alágbàfọ̀. Ojú tì í débi pé omi lé ròrò sí i lójú.

"Ọkọ mi ni," ó wí. "Èèyàn dáadáa ni o."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Mà." Dókítà gbé àwòrán tí wọ́n ti ya fún orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ síwájú iná. "Ẹ wo ibí yìí, lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti ibí, lókè ojú. Ihò ló wà nínú egungun níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì yẹ kó wà nínú wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, á dúdú. Ẹ wo tiyín, gbogbo ẹ̀ ti funfun."

Láti ìgbà tó ti délé ọkọ ni funfun ti ń mú inú rẹ̀ dùn. Ó wo funfun yìí títí.

"Irun tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú imú wa," dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ojú ò lè rí wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbá ikun àti ìdọ̀tí jáde. Èéfín sìgá máa ń mú kí wọ́n rọ. Tí wọn ò bá ti gbá a mọ́, ikun á dúró sójú kan, á ki, inú imú á wú, ọ̀nà á dí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí orí fi ń fọ́ yín, tí ẹ ò fi gbóòórùn mọ́."

Èyí yé e ju bí dókítà ṣe rò lọ. Gọ́tà kan wà lẹ́yìn ilé wọn tó ń gbé omi ìfọṣọ lọ. Bí òun kò bá gbá a fún ọjọ́ mẹ́ta, omi náà á padà wá bá wọn nínú ilé, pẹ̀lú ìfófòó àti irun àti gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣì máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi?"

"Mo máa ṣe é. Mo lè la ọ̀nà náà. Àmọ́ tí ẹ bá ti inú yàrá mi padà sínú èéfín, ó ṣeé ṣe kó tún dí, ká sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ jáwọ́, a ní ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbí. Tí wọn ò bá tíì lè jáwọ́, kí wọ́n má mu ún nínú ilé mọ́. Láti òní." Ó kọ nǹkan sórí ìwé, lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. "Ṣé ọmọ wà nílé?"

"Ọ̀kan."

"Imú tiẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Tónítóní ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó ti purọ́ kan fún obìnrin yìí lónìí. Kò lókun láti pa èkejì. Dókítà fún un ní ìwé oògùn.

*

Ó ti ń lọ sí aago méjì nígbà tó délé. Bàbá Tónítóní ṣì wà nídìí tábìlì. Ó ti gbé ìrẹsì kaná lórí sítóòfù lẹ́yìn rẹ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ìwé, ó sì ń lọ ṣòkòtò ẹnìkan.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní mò ń rùn."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Obìnrin náà jókòó sórí àpò aṣọ tí wọn kò tíì fọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìgbé ohùn sókè: ti ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì, ti àwòrán, ti gọ́tà inú imú, ti pé kó má mu ún nínú ilé mọ́ láti òní. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdí. Ó wá ṣáná sí sìgá mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

"Jẹ́ kí n bi ọ́. Èmi tí mò ń fà á sínú, ṣé imú mi dí? Ìwọ tí o ò fọwọ́ kàn án rí, ìwọ ni imú ẹ dí. Báwo ló ṣe wá jẹ́? Kàtá ìdílé yín ni. Ìyá ẹ náà ní kàtá."

"Ìyá mi ò ní kàtá."

"Ẹnìkan ṣáà ní in nínú ìdílé yín."

"Ohun tó bá ojú ló bá imú, Bàbá ọmọ mi. Inú ilé kan náà la jọ wà."

"Má fi òwe dà mí láàmú. Tí n bá ní kí n mu ún níta, ta ló máa dúró ti áyọ́ọ̀nù? Ṣé kí n máa sáré jáde sáré wọlé bí aṣọ́nà? Mo ní imú mi ò ní nǹkan kan. Kò sí òórùn tó lè gba iwájú mi kọjá kí n má..."

"Màmá! Kí ló ń jó?"

Tónítóní Kékeré ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo aṣọ tó wà lórí tábìlì. Kò jó. Ọmọ náà sáré gba àárín wọn kọjá, ó pa sítóòfù, ó sì fi aṣọ ìnuwọ́ ṣí ìkòkò. Ìrẹsì ti dúdú nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ ti pọ́n, èéfín rẹ̀ sì ti kún òkè orí wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, ta ló ń ka èéfín sí?

"Láti ẹnu gọ́tà ni mo ti ń gbóòórùn ẹ̀," ọmọ náà wí. Ó fa ikun.

Wọ́n ha òkè ìrẹsì náà, wọ́n jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó korò. Ìyá kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu, bàbá kò fẹ́ sọ, ọmọ wo ojú wọn, ó sì ń jẹ tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì ni ìyá náà sọ̀rọ̀.

"Ó ti pé ọdún méjì."

"Kí ni?"

"Tí mi ò ti gbóòórùn aṣọ kankan. Orí lásán ni mo ń mì."

Bàbá Tónítóní fi ṣíbí lélẹ̀. "Gbogbo aṣọ yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"O tàn mí."

"Mo tàn yín. Ẹ̀yin náà sì rán mi lọ tan dókítà."

Bàbá Tónítóní ti àwo rẹ̀ síwájú. Nígbà tó tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O rò pé mi ò fẹ́ jáwọ́ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rí i tó jáwọ́, tó sì padà. Ó rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà náà, bó ṣe ń pariwo lé aṣọ lórí, bó ṣe ń fi wákàtí mẹ́rìnlá dúró ti iná láìsí ohun tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ó fẹ́, èyí gan-an ló sì tán an lókun. Ọkùnrin burúkú rọrùn láti bá jà.

Bàbá Tónítóní wo yíká yàrá, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ọmọ. Ara rẹ̀ yá gágá lójijì. "Ọmọ yìí ní imú! Ṣé ẹ ò rí i ni? Láti ẹnu gọ́tà ló ti gbóòórùn ìrẹsì. Òun ni yóò máa yẹ aṣọ wò." Ó dìde, ó mú ọ̀kan nínú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá tó padà láàárọ̀, ó nà án sí i. "Wá, ìyá mi. Fà á dáadáa. Sọ òótọ́ fún bàbá ẹ. Ṣé ó ń rùn?"

Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ ilé ìwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba aṣọ náà. Ó ti ń wo ìyá rẹ̀ láti kékeré, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó gbé e sí imú, ó pa ojú dé, ó fà á. Ẹ̀rín yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò rùn rárá, Bàbá. Òórùn ilé wa ni." Ó tún fà á. "Òórùn yín ni."

Ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà.

*

Inú omi gbígbóná ni Ìyá Tónítóní kó aṣọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dà sí. Ó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, kò lọ aṣọ, kò sì mu sìgá. Nígbà tí Ìyá Tónítóní fún wọn tán, ó kó wọn sínú bàsíà, ṣùgbọ́n kò gbé wọn lọ sí abẹ́ okùn inú ilé. Ó gbé wọn gba ẹnu ọ̀nà jáde.

"Aṣọ oníbàárà ò gbọdọ̀ jáde nílé yìí," ọkọ rẹ̀ wí, nítorí pé ohun tó máa ń sọ ni.

"Mo mọ̀."

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Télọ̀ jìnnà sí títì, ògiri sì yí i ká. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sá aṣọ yìí sí..."

"Sá a." Obìnrin àgbà náà kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ti ń fi àkísà nu eruku ara okùn. Wọ́n jọ sá wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìsọ̀rọ̀, títí ó fi ku méjì.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀ láàárọ̀, àbí, Màmá?"

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbóòórùn ẹ̀. Láti ìdí ẹ̀rọ mi." Ìyá Télọ̀ sá ọ̀kan nínú méjì tó kù sórí okùn. "Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo mọ òwe yẹn. Mo máa ń pa á fún ẹlòmíràn. Má bínú sí mi."

Ìyá Tónítóní kò bínú sí i. Kò sí ibi tó fẹ́ kó ìbínú náà sí. "Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín fún nǹkan kan," ó wí. "Ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa wá sùn lọ́dọ̀ yín, títí..." Kò mọ títí ìgbà wo. Ìyá Télọ̀ náà kò bi í.

Ó padà sílé. Ó ká ẹní tó wà lábẹ́ okùn, ó di ìrọ̀rí mọ́ ọn, ó sì gbé e lé ọmọ náà lórí. Bàbá Tónítóní dìde lórí àpótí.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo gbé aṣọ oníbàárà jáde nítorí kó má baà rùn," ó wí. "Mo wá rò ó pé aṣọ nìkan kọ́."

Ó dúró kó rí ohun tí yóò sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó lè dá ẹní náà padà sílẹ̀, pé kò ní sí sìgá nínú ilé mọ́, àwọn méjèèjì sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà wo páálí sìgá tó wà lórí tábìlì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá," ọmọ náà wí lábẹ́ ẹrù rẹ̀, "ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni? Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"O ò pa irọ́."

"Kí ló dé tí mò ń lọ?"

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ẹní náà kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e sí èjìká ara rẹ̀, ó sì di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Gbogbo àwọn tó jókòó síta rí i bí ó ṣe ń lọ, wọ́n sì wá ohun mìíràn wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹní náà dé ojúlé kejì, gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá, dé ẹ̀yìnkùlé. Ó rọrùn fún un láti ru ú ju kó sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó wí. "Ẹní ọmọ rèé. Ó mọ́ o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la fọ̀ ọ́."

Ìyá Télọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹní náà. Ó gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kan. Kò mi orí. Ó tú u, ó nà án sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì mú ọmọ náà wọlé, ó fi ẹní sílẹ̀ níta.